Kíìkì Camry Màmá Alóbì ní Ìpẹru: ìró kan ṣoṣo, àti ohun tí mítà sọ

Camry 1998 ni mọ́tò tí mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Tiny Light. Ẹ̀ńjìnnì 5S-FE, lítà 2.2, ló wà nínú rẹ̀, jíà ọ́tòmátíìkì. Ìyá kan tó ń ṣòwò obì ní Ìpẹru-Rẹ́mọ ló ni ín. Màmá Alóbì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe pè wọ́n níbí. Camry yìí ni wọ́n fi ń kó agbọ̀n obì lọ sí Sábó ní Ṣágámù, níbi tí àwọn Hausa tó ń kó obì lọ sókè Ọya ti ń rà á. Obì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá pẹ́ nílẹ̀ láìsí ìtọ́jú, kòkòrò á wọ̀ ọ́, á gbẹ, owó rẹ̀ á já. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò tó kọ̀ láti sítáàtì láàárọ̀ ọjọ́ ọjà fi jẹ́ ọ̀ràn ńlá nílé yẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́. Láàárọ̀, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, wọ́n á gbọ́ "kọ́" lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ á dákẹ́. Wọ́n á tún un yí: "kọ́". Nígbà tó bá yá, ẹ̀ńjìnnì á sítáàtì, kò sì ní sí àpẹẹrẹ pé nǹkan kan ṣe é. Ó máa ń burú sí i tí ẹ̀ńjìnnì bá ti gbóná, pàápàá ní Sábó, tí wọ́n bá já ẹrù tán tí wọ́n fẹ́ padà sílé. Ẹni àkọ́kọ́ tó wò ó ní bátìrì ni. Wọ́n ra bátìrì tuntun. "Kọ́" kò lọ. Ẹni kejì gbọ́ ìró náà, ó ní kíìkì, ẹ̀rọ tó ń yí ẹ̀ńjìnnì kó lè sítáàtì, ti kú, kí wọ́n lọ wá tòkunbọ̀ rà. Kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dùn mí nígbà tí Màmá ń ròyìn rẹ̀, nítorí owó òwò ni wọ́n fẹ́ yọ fi ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè mí, mọ́tò náà kọ̀ jálẹ̀. Kí n tó dé, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti tì í dé ẹnu títì, wọ́n sì ti tì í padà wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó yé gbogbo ènìyàn: títì kì í mú mọ́tò ọ́tòmátíìkì sítáàtì. Oní-kílọ́ọ̀ṣì ni títì ń bá mu, nítorí tí ẹ bá tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ nígbà tí mọ́tò ń lọ, táyà á fipá yí ẹ̀ńjìnnì. Nínú ọ́tòmátíìkì, epo jíà ló ń gbé agbára láàárín ẹ̀ńjìnnì àti jíà, pọ́ńpù tó ń ti epo yẹn sì rèé, ẹ̀ńjìnnì ló ń yí i. Ẹ̀ńjìnnì tí kò yí, pọ́ńpù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Agbára táyà kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kàn làágùn lásán ni.

"Ọmọ mi," Màmá ní, "ṣé kí n kúkú lọ ra kíìkì tí wọ́n wí yẹn?"

"Ẹ má tíì ra nǹkan kan, Màmá. Ẹ jẹ́ ká bi mọ́tò fúnra rẹ̀ léèrè."

Àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgó-Ìwòyè, wà nílé lọ́jọ́ náà. Òun ló bá mi yí kọ́kọ́rọ́, òun náà ló ń kọ gbogbo ohun tí mítà, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná, bá sọ sínú ìwé. Ìwé yẹn ni mo gbé síwájú tí mo fi ń kọ èyí.

Kí n tó mú sípánà kankan, mo ní kó tan iná iwájú mọ́tò, kó wá yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí mo dúró tí mò ń wo iná náà. Ohun tí iná bá ṣe lákòókò yẹn máa ń sọ̀rọ̀ ju ìró lọ. Tí bátìrì bá ti rẹ̀, tàbí tí orí rẹ̀ kò bá mú dáadáa, iná á ṣú, ẹ ó sì gbọ́ "ta-ta-ta-ta" kíákíá, nítorí sólénọ́ìdì, suwíìṣì oní-kọ́ìlì tó wà lára kíìkì, ń fà, ó ń tú, ó tún ń fà. Tí iná bá ṣú gidi pẹ̀lú ìró kan ṣoṣo tó wúwo, agbára ń dé kíìkì ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dì í mú: ó lè jẹ́ bọ́ọ̀ṣì inú kíìkì ló ti jẹ tí irin inú rẹ̀ fi ń ha ara wọn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ńjìnnì ló dì. Ti Màmá kò jọ ọ̀kankan nínú wọn. "Kọ́" kan ṣoṣo, iná iwájú kò sì ṣú. Ó kàn rẹlẹ̀ díẹ̀ báyìí ni. Iná ńlá tó yẹ kó lọ sínú kíìkì kò lọ síbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fura sí ibì kan, ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ẹ̀rí.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé inú kíìkì díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, mítà á sọ̀rọ̀ létí rẹ̀, kò ní yé e.

Kíìkì Toyota yìí ní bóòtù ńlá méjì àti ẹnu wáyà kékeré kan. Bóòtù àkọ́kọ́, tí a ń pè ní 30, ni wáyà ńlá láti orí bátìrì wọ̀ tààrà. Iná wà lórí rẹ̀ nígbà gbogbo, bí kọ́kọ́rọ́ tilẹ̀ wà nínú àpò yín. Bóòtù kejì, C, ló ń gbé iná wọ inú mọ́tò kékeré tó ń yí nínú kíìkì. Ẹnu kékeré, 50, ni àṣẹ láti ibi kọ́kọ́rọ́ ń gbà wọlé. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná á dé 50, á wọ inú kọ́ìlì méjì tó wà nínú sólénọ́ìdì. Kọ́ìlì méjèèjì á jùmọ̀ fa ọ̀pá irin kan. Ọ̀pá yìí á ti jíà kékeré jáde kí eyín rẹ̀ lọ wọ inú eyín fláìwíìlì, àgbá eléyín tó so mọ́ ẹ̀ńjìnnì, bàbà rìbìtì tó wà nídìí ọ̀pá kan náà á sì lọ lẹ̀ mọ́ bàbà méjì tó wà nísàlẹ̀ bóòtù 30 àti C. Ìgbà tí bàbà rìbìtì bá so méjèèjì pọ̀ ni iná ńlá tó ń kọjá. Ní ẹ̀ńjìnnì oní-sìlíńdà mẹ́rin bí èyí, iná náà máa ń wà láàárín 100 sí 200 áńpíà. Ìgbà náà ni ẹ̀ńjìnnì á yí.

Màmá bi mí pé kí ló dé tí kọ́ìlì fi jẹ́ méjì. Mo ní, "Màmá, tí ẹ bá fẹ́ ru agbọ̀n obì tó wúwo, ṣebí ẹnì kan á bá yín gbé e dé orí? Tó bá ti jókòó tán, onítọ̀hún á yọwọ́, ọrùn yín nìkan lá máa gbé e lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó yé àwọn. Kọ́ìlì ńlá ló ń fà, kọ́ìlì kékeré ló ń dì í mú. Tí bàbà rìbìtì bá ti so 30 àti C pọ̀ dáadáa, iná á dọ́gba ní ẹnu méjèèjì kọ́ìlì ńlá, á sì dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà nínú èyí tí ọ̀pọ̀ riwáyà kì í sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Iná kọ́ìlì ńlá kì í bọ́ sára irin mọ́tò tààrà. Inú kíìkì, lórí kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná fún apá tó ń yí, ló ń gbà kó tó dé ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin tó so padà mọ́ orí dúdú bátìrì. Nítorí náà, kíìkì tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti jẹ tán pátápátá kì í sábà dún "kọ́" tó le. Ti Màmá le, mo sì gbọ́ ọ ketekete. Kí n tó tú ohunkóhun, ìró yẹn ti ń jẹ́rìí fún kábọ́ọ̀nù pé ó ṣì ń kan ibi tó yẹ kó kàn.

Ìmúrasílẹ̀ gbà wá lákòókò, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Jíà wà nínú P, a fa háńdùbíréèkì, a fi òkúta há táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Mo yọ fíúsì EFI, èyí tó ń gbé iná fún ètò tó ń fún ẹ̀ńjìnnì lépo, kí ẹ̀ńjìnnì má baà sítáàtì lójijì nígbà tí ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀. Mo bọ́ aago àti òrùka mi, nítorí òrùka tó bá kan bóòtù 30 àti irin mọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà á pọ́n bí ẹyín iná lójú ẹsẹ̀, ìka á sì jóná. Mo ní kí ẹni tó ń mu sìgá jìnnà sí wa, torí bátìrì máa ń tú afẹ́fẹ́ háídírójìn jáde, èyí tí iná kékeré lè mú kó bú gbàù.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ́tò ní kí n kàn fi sùkúdíráfà so 30 àti 50 pọ̀ kí gbogbo ẹ̀ parí. Mo ní kó gbé e sílẹ̀. Ọ̀nà yẹn ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fo gbogbo ohun tí wọ́n fi dáàbò bo ènìyàn kọjá, títí kan suwíìṣì tí kì í jẹ́ kí mọ́tò sítáàtì àfi tó bá wà nínú P tàbí N. Mọ́tò tí ẹnì kan ti gbàgbé sínú jíà á fò síwájú, á fún ẹni tó dúró síwájú rẹ̀ mọ́ ògiri. Àwọn mìíràn sì máa ń fi so 30 àti C. Ìyẹn kì í ti jíà jáde rárá. Mọ́tò kíìkì á kàn máa yí lófo ni, iná á sì máa ta pàràpàrà sójú ẹni.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ wọ̀n. Bátìrì tó kún tó sì ti sinmi máa ń wà ní fólítì 12.6. Tó bá jẹ́ 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì. Tó bá ti wálẹ̀ sí 12.0, ẹ ṣájì í kí ẹ tó dá kíìkì lẹ́bi. Ti Màmá jẹ́ 12.5. Orí òjé bátìrì gan-an ni mo fi ẹnu mítà lé, kì í ṣe orí irin tó dì í mú, nítorí láàárín méjèèjì ni àléébù máa ń fara pamọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí: ẹni tó so bátìrì tuntun náà fi ìṣó há ẹ̀gbẹ́ orí kan nítorí irin náà tóbi jù ú lọ, nǹkan funfun sì ti ń hù yí i ká. Mo yọ ìṣó, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo fi sáńpépà ha á, mo sì dì í le. A tún kọ́kọ́rọ́ yí. "Kọ́."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nìyí. Mo fi mítà sílẹ̀ lórí bátìrì, mo ní kó yí kọ́kọ́rọ́: 12.5 wálẹ̀ sí 12.2, kò lọ jù bẹ́ẹ̀. Bátìrì tí kíìkì ń fa iná rẹ̀ gidi máa ń wálẹ̀ sí bí 10 tàbí 10 àbọ̀, 9.6 ni kò yẹ kó rẹlẹ̀ jù. Èyí tó dúró sí 12.2 ń sọ pé kọ́ìlì inú sólénọ́ìdì nìkan ló ń jẹ nínú òun. Bátìrì tuntun tí wọ́n rà kì í ṣe ìdáhùn. Ìbéèrè gan-an ni ohun tí kò jẹ́ kí iná náà kọjá.

Lára Camry yìí, kíìkì wà lápá iwájú ẹ̀ńjìnnì, níbi tí jíà ti so mọ́ ọn, nísàlẹ̀ ibi tí bátìrì àti ilé éàfílítà wà. Mo yọ ilé éàfílítà kúrò kí ọwọ́ lè wọlé. Mo fi ẹnu dúdú mítà sára irin kíìkì, mo fi ẹnu pupa kan ẹnu 50: 11.8 nígbà tí ó yí kọ́kọ́rọ́. Àṣẹ ń dé. Ká ní kò dé ni, kọ́kọ́rọ́, rílè (suwíìṣì kékeré tí iná fúnra rẹ̀ ń ṣí) tàbí suwíìṣì P àti N ni à bá máa wá kiri, kò sì sí ìdí tí a ó fi fọwọ́ kan kíìkì. Mo lọ sí bóòtù 30: 12.2. Iná ń dé ibẹ̀ náà.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń dúró. Wọ́n á ní iná ń wọ kíìkì, àṣẹ ń wọ kíìkì, kíìkì kò yí, kíìkì ti kú. Ó jọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìwọ̀n kan ṣì kù, èyí tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ní mítà mọ̀: ẹ fi ẹnu kan sórí 30, ẹ fi ìkejì sórí C, kí ẹnì kan wá yí kọ́kọ́rọ́. Tí bàbà inú sólénọ́ìdì bá ń so pọ̀ dáadáa, kò yẹ kí ìyàtọ̀ láàárín bóòtù méjèèjì ju fólítì 0.2 tàbí 0.3 lọ. Ti Màmá jẹ́ 11.7. Láti C sára irin kíìkì, 0.4 péré.

Ẹ ka àwọn nọ́ńbà yẹn pọ̀. Ọ̀pá irin ń fò, a ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n iná tó dúró lórí 30 kò kọjá sí C. Ìwọ̀nba tó wà lórí C ni ti kọ́ìlì ńlá tó ń gba inú kíìkì lọ sí ẹ́ẹ̀tì. Mọ́tò kíìkì ò tíì rí iná tó máa fi yí rárá, a wá ń pe òkú lé e lórí. Ká ní C ló fi 11 tàbí 12 hàn tí kíìkì kò sì yí, nígbà náà ni mo máa gbà pé inú rẹ̀ ló bàjẹ́.

A ń yí i lọ bẹ́ẹ̀, tí mítà ṣì wà láàárín bóòtù méjèèjì, ni ẹ̀ńjìnnì kàn ṣàdédé yí. Nọ́ńbà orí mítà já wálẹ̀ láti 11.7 sí 0.6 níṣẹ́jú àáyá yẹn. "Bọ̀ọ̀dá, ó yí!" ni ọmọ Màmá tó ń yí kọ́kọ́rọ́, àbúrò náà, pariwo. Kò lè sítáàtì nítorí fíúsì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ rí ni mo rí yẹn. Kíìkì náà lágbára láti yí ẹ̀ńjìnnì. Wáyà ńlá pé, ẹ́ẹ̀tì pé. Bàbà inú sólénọ́ìdì ni kò ṣeé fọkàn tẹ̀, kódà nígbà tó so pọ̀, 0.6 ṣì pọ̀ jù. Ìdí tó fi ń ṣe é lónìí tí kì í ṣe é lọ́la náà nìyẹn: bàbà rìbìtì máa ń yí díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀pá rẹ̀, nígbà mìíràn ibi tó ṣì nípọn á bọ́ sí ojú rẹ̀, nígbà mìíràn ibi tó ti jẹ ni. Ooru sì ń dá kún un. Bí bàbà bá ṣe ń gbóná ló ń le fún iná láti gbà á kọjá, bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún fún dígírì Celsius kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kọ́ìlì gbígbóná kì í fa ọ̀pá irin le tó ti tútù. Wàhálà Sábó ti ní ìtumọ̀.

Mo sọ fún Màmá pé a máa tú u. Orí dúdú bátìrì ni mo kọ́kọ́ yọ, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òun ni àkọ́kọ́, kí sípánà tó bá ṣèèṣì kan irin má baà dá iná sílẹ̀. Lẹ́yìn náà bátìrì, wáyà orí 30, ẹnu 50, bóòtù méjì tí sípánà 14 ń tú, kíìkì sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Bàbá kan wà lábẹ́ ìbòòji nílé náà tó ti wa lọ́rì onígi rí. Wọ́n ní láyé àwọn, irin gígùn ni wọ́n fi ń yí ẹ̀ńjìnnì láti iwájú, àti pé ẹ̀ńjìnnì tó bá ta padà lè dá ọwọ́ ọmọọṣẹ́ sí méjì. Òótọ́ ni Bàbá sọ. Nítorí irú ìpalára bẹ́ẹ̀ ni Charles Kettering ní Amẹ́ríkà fi ṣe kíìkì oní-bátìrì ní 1911, tí Cadillac sì gbé e sínú mọ́tò wọn ti 1912. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn púpọ̀ ló ti kó yọ.

A tẹ́ pákó sílẹ̀, mo gbé kíìkì sínú táyà àtijọ́ kan, mo fi okùn dè é mọ́ ọn. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú kíìkì tí ẹ fẹ́ fún níná. Ó máa ń ta gidi tó bá gbéra. Mo tú wáyà tó wọ inú kíìkì kúrò lórí C. Mo fi wáyà jọ́ọ̀mpù so orí dúdú bátìrì mọ́ ara kíìkì àti mọ́ bóòtù C, mo wá fi iná láti orí pupa kan 50. Jíà kékeré fò jáde lójú ẹsẹ̀: kọ́ìlì ńlá pé. Mo yọ wáyà tó wà lórí C, mo fi ti ara kíìkì sílẹ̀. Jíà náà dúró síta, kò padà: kọ́ìlì kékeré pé. Mo yọ ti ara kíìkì, ó sì padà sílé. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún lọ, torí kọ́ìlì ńlá ò ṣe fún iná tó ń pẹ́ nínú rẹ̀. Ó á jóná. Ìdí kan náà nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń dún "kọ́" máa di kọ́kọ́rọ́ mú.

Mo dá wáyà padà sórí C, mo gbé iná ńlá fún 30, mo kan 50. Jíà fò jáde, mọ́tò kíìkì kò yí. Mo tún un kàn, ó yí. Lẹ́yìn ìyẹn kò yí mọ́. Gbogbo ohun tí a rí lára mọ́tò la tún rí lórí pákó.

Bóòtù kékeré mẹ́ta ló di ìdérí sólénọ́ìdì mú. Mo tú wọn, mo fa ọ̀pá àti sípíríńgì rẹ̀ jáde, mo sì pe Màmá kí wọ́n wá fi ojú ara wọn rí i. Bàbà tó wà nídìí bóòtù 30, níbi tí iná ti ń kọ́kọ́ bù ú jẹ, ti jẹ wọlé débi pé ó kù pẹlẹbẹ; ojú rẹ̀ dúdú, ó sì ní kòtò. Ti C ṣì ga ju ú lọ dáadáa. Bàbà rìbìtì fúnra rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó jinlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí ọ̀kan bá ga tí ìkejì bá rẹlẹ̀, bàbà rìbìtì á gúnlẹ̀ sórí èyí tó ga, kò ní dé orí ìkejì, tàbí kó kàn fara rà á. Kò sí iná ńlá kankan tó máa gba ibẹ̀ kọjá.

"Ṣé èyí nìkan náà ni?" Màmá bèèrè. Wọ́n mú bàbà náà, wọ́n ń yí i lọ́wọ́ wò.

"Èyí nìkan ni, Màmá."

Kí n tó gbà pé òun nìkan ni, mo ṣí ìdí kíìkì náà. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì gùn, sípíríńgì wọn ṣì ń tì wọ́n. Mo fi mítà wo orí bàbà armature, apá tó ń yí nínú kíìkì: ẹsẹ̀ bàbà kan sí òmíràn ń gba iná, kò sì sí èyí tó ń gba iná lọ sára irin àárín rẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí gan-an. Mo fọ ìdọ̀tí kábọ́ọ̀nù kúrò, mo fi gírísì díẹ̀ sí ibi jíà. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ tó nílò owó.

Àwọn kan máa ń fi fáìlì ha bàbà náà, àwọn mìíràn máa ń yí i dojú kejì kí wọ́n tó dá a padà. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú sí ni lójú ọ̀nà, tí a kàn fẹ́ délé, mi ò ní bá ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ wí. Ṣùgbọ́n fáìlì ń jẹ́ kí bàbà náà túbọ̀ rẹlẹ̀ ni, gíga tí kò dọ́gba ló sì fa gbogbo wàhálà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò lè ṣe ìyẹn fún ẹni tó ń gbé ọjà lọ sí Ṣágámù kí n sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ti tòkunbọ̀ ńkọ́? Bàbà kan náà ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ iye ìgbà tó ti so pọ̀ níbi tó ti wá. Mo mú bàbà àtijọ́ náà dání lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn oní-sípéà pátì ní Ṣágámù, nítorí wọn kì í tóbi bákan náà, mo sì ra bàbà ti 30 àti ti C pẹ̀lú ọ̀pá oní-bàbà rìbìtì tuntun. Owó gbogbo rẹ̀ kéré gan-an sí owó tòkunbọ̀ tí wọ́n ti bù fún Màmá.

Títò ó padà ni ibi tó gba sùúrù jù. Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí bóòtù 30 kan ara irin gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀. Tó bá yẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá so bátìrì ni iná á bú, torí kò sí fíúsì kankan láàárín bátìrì àti bóòtù yẹn. Mo wo bí bàbà méjèèjì ṣe dọ́gba kí n tó dì wọ́n le. Lẹ́yìn tí mo de ìdérí, mo fi mítà wò ó láti 30 sára irin: kò sí ọ̀nà. Láti 30 sí C: kò sí ọ̀nà. Ìgbà yẹn ni mo tó gbé iná fún un lórí pákó. Ó fò, ó yí, ohùn rẹ̀ dán. Mítà oní-àgbá tí a ń fi gbá wáyà mú sọ pé iná tó ń fà kò tó 90 áńpíà, èyí tó tọ̀nà fún kíìkì tó ń yí láìsí ẹrù.

A dá a padà sára mọ́tò, orí dúdú bátìrì ló wọlé kẹ́yìn. Kí n tó dá fíúsì EFI padà, mo ní kó yí kọ́kọ́rọ́ kí n lè wọ̀n gbogbo rẹ̀ nígbà tí iná ńlá ń lọ lóòótọ́, torí wáyà tí iná kò gbà kọjá kì í fi àléébù hàn. Bátìrì wálẹ̀ sí 10.5. Láti orí òjé pupa bátìrì dé 30 jẹ́ 0.2, kò yẹ kó kọjá 0.5. Láti ara kíìkì dé orí òjé dúdú jẹ́ 0.1. Láàárín 30 àti C, níbi tí 11.7 ti wà tẹ́lẹ̀, 0.1. Àbúrò náà fi ìlà méjì fa ìdí nọ́ńbà yẹn nínú ìwé. Mo dá fíúsì padà. Ẹ̀ńjìnnì sítáàtì ní yíyí àkọ́kọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó ti mọ́tò láàárọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agbọ̀n obì sínú búùtù kí Màmá tó sọ pé kí wọ́n gbé e.

Ó ku ọ̀ràn bátìrì àtijọ́. Màmá ṣì gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, wọn kò tíì fi fún ẹni tó ń ra irin. Mo bẹ̀ wọ́n kí n gbé e lọ. Mo ṣájì í dé òwúrọ̀, mo jẹ́ kó sinmi, ó dúró sí 12.6. Nígbà tí mo padà lọ sí Ìpẹru láti lọ wo kíìkì náà lẹ́yìn tí wọ́n ti ná ọjà Sábó bí ìgbà mélòó kan, mo so bátìrì àtijọ́ yìí mọ́ Camry, mo ní kí Màmá fúnra wọn yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ńjìnnì sítáàtì lẹ́ẹ̀kan, mítà ò sì wálẹ̀ ju 10.2 lọ. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì náà látilẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kan náà, mo bu ọwọ́ lù ú, mo sì fi ìwé náà sílẹ̀ fún Màmá, kí wọ́n lè mú un dání tí wọ́n bá fẹ́ lọ bá ẹni tó ta bátìrì tuntun fún wọn sọ̀rọ̀ nípa dídá a padà.